Ìlà Ara Ago Onídẹ

Adájọ́ ni wọ́n ń pe ayàwòrán ilé ìtajà ago náà, nítorí kò sí aáwọ̀ tí kì í dá sí. Ó tiẹ̀ máa ń jẹ́ orúkọ náà bí ẹni tó jẹ oyè.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó fi lẹ́ńsì kámẹ́rà rẹ̀ tuntun, èyí tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni, ya ago onídẹ ńlá kan. Ó fẹ́ kí nọ́ńbà ojú ago kún inú àwòrán, àmọ́ bó ṣe ń sún mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ń ṣe bàìbàì sí i. Kò gbà. Ó sún, ó tún sún, títí ó fi gbọ́ "kín-ín". Ó rò pé ago ló dún.

Lọ́sàn-án, ọ̀gá rí ìlà kan lára idẹ náà. Ó pe ìyá tó ń nu ilé.

"Màmá, kànrìnkàn yín ló ṣe èyí. Ẹ kó ẹrù yín."

"Ọ̀gá mi, aṣọ rírọ̀ ni mo fi ń nù ún o!"

Adájọ́ ti dìde. "Ọ̀gá, ẹ̀rí dà? Ẹ jẹ́ kí n ya ìlà yẹn. Ẹni tí àwòrán bá mú, kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí. Kò sí ẹ̀bẹ̀."

"Ṣé o gbọ́ ohun tó o sọ?"

"Mo gbọ́ ọ dáadáa, sà."

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ka ìwé tó bá lẹ́ńsì náà wá. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ya òdòdó sí: màkírò. Lẹ́ńsì kì í rí ohun tó bá sún mọ́ ọn jù. Bọ́tìnnì yìí ló ń là á lójú, bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ na lẹ́ńsì dé òpin. Adájọ́ fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Gbogbo wàhálà àárọ̀, òfo ni!

Àwòrán náà mọ́ kedere lójú kọ̀ǹpútà. Ìlà kan ṣoṣo ni, ó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ọ̀dà dúdú tíntìntín sì wà nínú rẹ̀.

"Kànrìnkàn kì í fa ìlà kan ṣoṣo," ni Adájọ́ wí, ó gbé àyà síwájú. "Kànrìnkàn ò sì lọ́dà. Nǹkan roboto, onírin, dúdú ni. Ẹ wá ẹni tó ni ín!"

Ọ̀gá mi orí. "Màmá, ẹ má bínú."

Ìyá náà gbá Adájọ́ mọ́ra. "Ọmọ mi, Ọlọ́run á gbè ẹ́. Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹ láé."

Adájọ́ ṣe àmín, ó mú ìdérí láti fi bo lẹ́ńsì, ibẹ̀ ló ti rí i pé ọ̀dà dúdú ti bó létí ẹnu lẹ́ńsì náà, níbì kan ṣoṣo tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.