Ibùsùn Ọmọ Tí Ṣáájú Fi Pamọ́

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá pa fóònù tì. Ẹ kà á tán, mo bẹ̀ yín, pàápàá ẹ̀yin tí inú yín kì í dùn bí ọ̀rẹ́ yín bá ti ní nǹkan ṣáájú yín.

1.
Aránṣọ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ṣáájú, torí kò sí ohun tí ẹlòmíì máa fọwọ́ kàn tí òun ò ní fẹ́ kọ́kọ́ gbà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí, ọmọbìnrin rèǹtè-rente kan báyìí. Ilé Ṣáájú ni ìyá àti ọmọ ń gbé.

Àsìkò yẹn ni ọ̀rẹ́ Ṣáájú láti kékeré wá kí i láti ìlú míì. Akunlé lobìnrin yìí, iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Nǹkan àtijọ́ ò sì ṣeé fi hàn án kí ojú rẹ̀ má tàn.

"Ṣáájú, mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ojúlówó o. Mi ò fẹ́ ayédèrú."

"Ìwọ ṣáà máa tẹ̀lé mi. Ta ló mọ ibẹ̀ jù mí lọ?"

2.
Wọ́n rìn títí. Aago ògiri tó ti kú, àwo tó ti sán, àga tó ń mì. Kò sí èyí tó wù wọ́n. Ni Ṣáájú bá mú un wọ ṣọ́ọ̀bù kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, ibi tó ṣókùnkùn, tí eruku ń gbani nímú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ibùsùn ọmọ ọwọ́ kan, onígi. Wọ́n gbẹ́ ẹyẹ sí i lára, ọ̀dà funfun rẹ̀ sì ti ń ṣí.

Akunlé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi èékánná ha ọ̀dà náà, ó wò ó títí, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ọlọ́jà dúró tì wọ́n, akunlé ò sì fẹ́ ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Ó kàn fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Jẹ́ ká máa lọ."

Háà, ọmọ aráyé! Ṣáájú sọ sínú ara rẹ̀ pé, "Ẹn-ẹ́n! Ó fẹ́ dá nìkan padà wá rà á ni. Kò ní bá a níbẹ̀!"

Wọn ò tíì kúrò ní òpópónà yẹn tán tó fi ní òun gbàgbé òwú ìránṣọ, kí ọ̀rẹ́ òun máa lọ sílé. Ó sáré padà, ó ra ibùsùn, ó ní kí ọlọ́jà bá òun tọ́jú ẹ̀ títí àlejò òun á fi lọ.

3.
Nígbà tí wọ́n jọ ń jẹun nírọ̀lẹ́, akunlé ní, "Ṣáájú, ibùsùn ọmọ tá a rí lẹ́ẹ̀kan yẹn..."

Ṣáájú rò pé àṣírí ti tú.

"Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́! Má dárúkọ pákó yẹn sí mi létí."

"Ṣé ó dá ẹ lójú pé o ò ní rà á?"

"Kí n rà á kí n fi dáná àbí kí ni?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó gbé ọ̀rọ̀ tó kù mì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọkọ̀ padà sílé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu tí ì bá gba ọmọ yẹn là, Ṣáájú ló fọwọ́ ara rẹ̀ dí i.

4.
Ibùsùn délé. Ará àdúgbò ń wá wò ó, Ṣáájú ń yan. Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í hu eyín, ó máa ń dìde dúró nínú ẹ̀, á máa gé etí ibùsùn náà jẹ.

"Ẹ wo bó ṣe fẹ́ràn ẹ̀!" Ṣáájú á pàtẹ́wọ́, á nu èérún ọ̀dà funfun kúrò létè ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọmọ ò jẹun mọ́. Inú ń run ún. Ó ti máa ń pe "màmá" tẹ́lẹ̀. Ìyẹn náà dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ tí gìrì mú un, wọ́n gbé e sáré lọ sílé ìwòsàn. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní òjé ti wọ̀ ọ́ lára, májèlé tó máa ń wà nínú ọ̀dà ayé àtijọ́.

"Kí lọmọ yìí ń gé jẹ nílé?"

Ìyá ọmọ yíjú sí Ṣáájú.

Ṣáájú pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, ó ń sunkún. "O rí i pé ọ̀dà olóòjé ni, o ò sì sọ fún mi!"

"Mo fẹ́ sọ. O ò jẹ́ kí n sọ ọ́. O ní o ò ní rà á."

Ọmọ náà ò kú. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọrin nílé ìwé báyìí, òun ò tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti gbé e kó kúrò nílé Ṣáájú, kò sì jẹ́ kí Ṣáájú fọwọ́ kàn án mọ́.

Ẹ gbọ́ o. Nǹkan àtijọ́ ò burú, àmọ́ ẹ má gbé èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí sún mọ́ ọmọ kékeré. Ẹ má sì máa bá ọ̀rẹ́ du nǹkan ní kọ̀rọ̀. Ẹni tí ẹ ń sá fún lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ yọ yín nínú ewu. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ní ọmọ nílé. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà.