Aṣọ Tí Nọ́fíù Fi Bo Kọ̀ǹpútà

Ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnì kankan o. Ẹ̀yin fúnra yín ẹ kọ́kọ́ kà á títí dé ìsàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé, "Mo mọ ohun tó ń ṣe é."

1.
Nọ́fíù ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ní, ó ti gbó, ó sì ń kẹ́ ẹ bí ẹyin ojú. Ìyá rẹ̀ ní Òjówò ti fi òwú hun aṣọ fún un, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń bo tẹlifíṣọ̀n. Màmá ní ohun ìní kì í wà ní ìhòòhò. Nítorí eruku ọyẹ́, Nọ́fíù kì í ká aṣọ náà kúrò lórí àpótí kọ̀ǹpútà, ì báà máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Inú kọ̀ǹpútà yìí ni iṣẹ́ àṣekágbá Abibat, ìyàwó rẹ̀, wà. Bíbí ọmọ wọn, Mùbàṣírù, ti dá Abibat dúró ní yunifásítì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jáde. Bí iṣẹ́ náà kò bá dé ọwọ́ olùkọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀.

2.
Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Láàárọ̀, kò sí nǹkan kan. Bí oòrùn bá ti mú, ó kú pi.

"Iná ni," Nọ́fíù wí. Ó ra sitabiláísà, ó tún kú. Ó tan jẹnẹrétọ̀, ó kú. Ó pààrọ̀ wáyà, ó sún tábìlì, kò lè jókòó, kò lè dúró. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Abibat gbé ọwọ́ lé àpótí náà. "Bàbá Mùbàṣírù, ó gbóná bí ààrò. Ẹ jẹ́ ká ṣí i, ká wo fáànù inú rẹ̀."

"Ta ló kọ́ ta ní kọ̀ǹpútà nínú ilé yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ó dáa, ẹ bá mi gbé iṣẹ́ mi sórí fíláàṣì."

"O ò fọkàn tán mi mọ́ nìyẹn."

Ẹ̀yin ará, ọkọ kọ́ ni kò fọkàn tán, kọ̀ǹpútà ni.

3.
Ní Ọjọ́rú, Abibat ká aṣọ náà sókè díẹ̀, ó mú abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́ àpótí náà bí ọkọ rẹ̀ ti ń tẹ̀wé. Kọ̀ǹpútà ò kú títí di ìrọ̀lẹ́.

"Ṣé ẹ rí i báyìí?"

Nọ́fíù rí i. Ọkàn rẹ̀ ti gbà, ẹnu rẹ̀ ni kò gbà. "Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni," ó ní, ó sì da aṣọ bò ó padà.

4.
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tàn án, ó kú. Kò jẹ́ kó tutù, ó tún tàn án. Ìkánjú ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Nígbà tó yá, inú àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà sì ṣú.

Ìgbà yẹn ló tó ṣí i. Òwú aṣọ Màmá ti gba ihò ẹ̀yìn wọlé, ó ti wé mọ́ fáànù, kò lè yí. Ó fi bíléèdì gé òwú náà, fáànù sì yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí ti bàjẹ́. Kò sí ohun tó ṣe tó mú iṣẹ́ Abibat padà.

Abibat wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Olùkọ́ mi ní òun ń retí mi lọ́la." Ó rí àpótí tó ṣí sílẹ̀. Ẹ̀rín lọ.

"Fáànù ni?"

"Fáànù ni."

Ó ká aṣọ náà, ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. "Ọdún kan gbáko, Bàbá Mùbàṣírù. Nítorí kí ẹ má baà sọ pé mo tọ̀nà."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yín. Bó bá gbóná, ẹ pa á, ẹ ṣí i, ẹ gbọn eruku rẹ̀. Ẹ fi iṣẹ́ yín pamọ́ síbòmíì lónìí. Bí ará ilé yín bá sì sọ òótọ́, ẹ tètè gbà fún un. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.