Nọ́ńbà Tó Kẹ́yìn Nínú Rẹ́jísítà

"Ẹni tí kì í bá ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé yìí, kó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, kó máa lọ!"

Ọ̀gá tó ti ọ́fíìsì ìjọba wá ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Láti ọjọ́ tí omíyalé ti gba ilé wọn ni àwọn ìdílé tó wà nínú kíláàsì náà ti ń sùn láàárín bẹ́ǹṣì.

Tíṣà àgbà kò bá a jiyàn. Ó nu awò ojú rẹ̀, ó fa rẹ́jísítà tuntun yọ.

"Òfin lẹ sọ, òfin la ó tẹ̀ lé. Nọ́ńbà kìíní!"

"Mo wà ńbí, mà!" Bàbá arúgbó kan fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde.

Ojú ọ̀gá pọ́n. "Ṣé ẹ fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Bàbá yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún!"

"Ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, òótọ́ ni. Òfin wo ló ní kó má kàwé?"

Ọ̀gá tú fáìlì rẹ̀ títí, kò rí i. Tíṣà ń pe nọ́ńbà lọ. Ìyá, bàbá àtọmọ ń dáhùn.

"Nọ́ńbà kẹtàdínláàádọ́rin!"

Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ọwọ́ pálábá yín ségi lónìí!"

Lábẹ́ pátákó ìkọ̀wé, ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lánàá figbe ta.

Tíṣà sàmì sí nọ́ńbà náà pé ó wà. "Ọ̀gá, ẹ jókòó tàbí kẹ́ ẹ jáde. Ẹ̀kọ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀."