Jagunjagun Tí Kò Fẹ́ Ìrànlọ́wọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn Malaki, ọmọ abúlé Nọkára ní ilẹ̀ Áíláńdì, níbi tí òjò kì í ti í jẹ́ kí koríko gbẹ. Akínkanjú ni Malaki, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: ìgbéraga rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè gba oore lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà ogun ńlá tí wọ́n jà ní ilẹ̀ Faransé, òun ló rákò jáde nínú kòtò tí àwọn ọmọ ogun sá pamọ́ sí, tó ń pọn àwọn ará abúlé rẹ̀ tó fara gbọgbẹ́ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìbọn ti ń dún lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ ni ọta ti ba apá ọ̀tún rẹ̀ jẹ́. Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ láyà, ó sì padà sílé pẹ̀lú apá tó rọ.

Ní Nọkára, igi ìdáná kò sí. Ilẹ̀ dúdú inú àbàtà, tó máa ń jó bí igi bó bá ti gbẹ, ni wọ́n ń gé bíi búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n ń sá a gbẹ nígbà tí oòrùn bá wà, kí wọ́n lè rí nǹkan dáná nígbà òtútù. Àáró ni wọ́n fi ń ṣe é. Gbogbo abúlé á gé ti ilé kan lónìí, wọ́n á gé ti ilé mìíràn lọ́la. Malaki rò ó pé òun kò ní apá tí òun yóò fi san àáró padà. Nígbà tí àwọn aládùúgbò béèrè ọjọ́ tí wọn yóò wá, ó purọ́ fún wọn pé òun ti ra èédú sílẹ̀ nílùú. Bríìjì ìyàwó rẹ̀, tó gbé ìkókó lọ́wọ́, gbọ́ irọ́ náà. Ẹ̀rù òtútù bà á nítorí ọmọ, síbẹ̀ kò tú àṣírí ọkọ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Malaki ń dá lọ sí àbàtà, tó ń fi ọwọ́ òsì gé ilẹ̀. Ìwọ̀nba tó rí gé kò lè mú wọn dé àárín ìgbà òtútù, oòrùn sì ti ń dín kù. Fẹ́gọ́sì aláwàdà kọjá, ó dúró wò ó.

"Malaki, ṣé èédú tí o rà nílùú nìyí? Ó mà tutù o."

Malaki kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Fẹ́gọ́sì ròyìn ohun tó rí, ọ̀rọ̀ náà sì dé etí Ìyá Kọ́lúmù, opó àgbàlagbà kan. Kọ́lúmù ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí Malaki pọ̀n. Ọgbẹ́ náà ló padà pa á, ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀dì ló kú sí, kì í ṣe ojú ogun, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ibojì rẹ̀. Ìyá náà tẹ ọ̀pá lọ sí àbàtà. Ó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Malaki, bó ti máa ń ṣe láti ìgbà ogun. Malaki dojú bolẹ̀, ó ní kí ó má dúpẹ́ mọ́.

"Nígbà tí o pọn ọmọ mi," ni ìyá náà wí, "ṣé ó ní kí o sọ òun kalẹ̀, nítorí pé òun kò ní ẹsẹ̀ tí òun yóò fi pọn ìwọ náà padà?"

"Rárá, Màmá. Ó di ọrùn mi mú ni."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní, 'Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n.'"

"Ìwọ náà, sọ bẹ́ẹ̀ fún wa."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo Nọkára wá pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Malaki jẹ́wọ́ irọ́ rẹ̀, ó sì ní, "Ẹ ṣé." Fẹ́gọ́sì ní kó tún un sọ, ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń retí rẹ̀. Malaki rẹ́rìn-ín, ó tún un sọ. Wọ́n ń gé, òun ń fi ọwọ́ òsì tò ó fún oòrùn. Nígbà tí yìnyín bo abúlé náà, iná kò kú nílé Malaki, ọmọ rẹ̀ sì ń sùn nínú ooru.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nìyí: ìgboyà ni kí ènìyàn ṣe oore, ìgboyà sì ni kí ó gbà á. Ẹni tó bá kọ oore àwọn ènìyàn rẹ̀ ń fi ayọ̀ dù wọ́n. Bí wọ́n bá ràn yín lọ́wọ́, ẹ má kọ́kọ́ ro bí ẹ ó ṣe san án. Ẹ gbà á, kí ẹ sì dúpẹ́ tọkàntọkàn.