Abẹ́rẹ́ Òǹgbẹ

Láàárọ̀ ọjọ́ àpérò àwọn onímọ̀ nípa oògùn tó ń di bárakú, Ìyá Fadérera bá ọmọ rẹ̀ dé ilé-ìwádìí. Fadérera ti gboyè dókítà. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún méjì ló wá gbà. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, òbí ló máa ń di ọwọ́ olùwádìí tuntun tí wọ́n bá fẹ́ fún ní abẹ́rẹ́ òǹgbẹ mú, abẹ́rẹ́ tó ń mú kí oògùn olóró di bárakú fún ẹni tí kò tọ́ ọ wò rí.

Àwọn ọ̀gá tó jókòó síwájú, tí àwọn náà ti gba abẹ́rẹ́ yìí rí, ń lá ètè bí wọ́n ti ń kí àlejò.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ má bínú,” ni ìyá náà wí. “Dókítà tó ń wo ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ṣé òun náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà á ni?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣówándé, olórí ilé-ìwádìí, náà rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹni tí oògùn ò pè rí, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa ẹni tó ń dá a lóhùn?”

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́,” Fadérera sọ ọ́ kẹ́lẹ́. “Ọ̀pọ̀ èèyàn ló du ipò yìí.”

Nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́. Ìyá rẹ̀ ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò pẹ́ tí ojú Fadérera fi lọ sí ara kọ́bọ́ọ̀dù oògùn tó wà lẹ́yìn nọ́ọ̀sì, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

“Tí ọdún méjì bá pé,” ni ìyá rẹ̀ béèrè, “ta ni yóò bá a yọ òǹgbẹ náà kúrò lára?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣówándé lá ètè.

“A ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́, Màmá. Ohun tí a gbà á pé kó wá wádìí nìyẹn.”