Ewì Tó Ṣáájú Oníṣẹ́ Dé Àjàṣẹ́

Rogatien, olùkọ́ ilé ìwé ní Adja-Ouèrè, kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ọ̀mùtí. Àléébù tirẹ̀ ni pé kò mọ ọ̀rọ̀ tí a ń gbé mì. Ohunkóhun tó bá rí tàbí tó gbọ́, àfi kó kọ ọ́, kó sì tẹ̀ ẹ́ fún aráyé kà.

Àwọn Faransé ṣì ń ṣàkóso Dàhòmẹ̀ nígbà náà. Ilé ìwé ní Àjàṣẹ́ ni Rogatien ti mọ háíkù, ewì onílà mẹ́ta tí àwọn ará Japan ń kọ. Ó ń fi èdè wa kọ tirẹ̀, ó sì ń kọ ìtàn tí kò gùn ju ìmí kan lọ. Bó bá ti kó wọn jọ, yóò tẹ̀ wọ́n ní Àjàṣẹ́, yóò fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn ní ìwé pélébé, yóò pín in fún ọ̀rẹ́. Ká má purọ́, ọwọ́ rẹ̀ dùn. Nígbà tí ìyàwó ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Marcellin kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlú Kpoulou, Rogatien fi ìlà mẹ́rin sọ ọ́ di ìtàn, gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. "Orúkọ rẹ̀ kò kúkú sí níbẹ̀," ni ó wí. Bí ẹni pé ẹnì kan wà ní Kpoulou tí kò mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ lọ!

Ẹ̀bùnọlá, ọmọ Ṣàngóbíyì adẹ́mu ní Massè, ni Rogatien fẹ́ fi ṣaya. Wọ́n ti ṣe ìdána, ó ku ìgbéyàwó. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí kò sí ilé ìwé, Rogatien á ti gun kẹ̀kẹ́ dé Massè kí oòrùn tó mú. Ó fẹ́ràn ọmọbìnrin náà tọkàntọkàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ṣàngóbíyì já lórí ọ̀pẹ, ó kú. Wọ́n sin ín láìpariwo, nítorí pé Pélagie, àkọ́bí rẹ̀ tó wà nílé ọkọ ní Àjàṣẹ́, lóyún tó ti ga. A kì í túfọ̀ baba fún aboyún.

"Ẹ gbọ́," ni Ìyábùnmi, aya olóògbé, wí fún àwọn ará ilé. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ títí Pélagie yóò fi sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ògúnjọbí, àbúrò bàbá rẹ̀, ni yóò lọ sọ fún un. Rogatien, o gbọ́ o? Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn."

"Mo gbọ́, ìyá mi."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó ti ń jáde, ó rí igbà tí bàbá náà fi ń gun ọ̀pẹ lára ògiri, ewì sì bọ́ sí i lọ́kàn:

Igbà rọ̀ lára ògiri;
ẹmu ń hó lórí ọ̀pẹ,
adẹ́mu ti lọ.

Ewì náà dára. Ìyẹn gan-an ni wàhálà, kò lè fi í pamọ́. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé, "Fún Ṣàngóbíyì, ará Massè, tó re ọ̀run." Ó ní ọlá ni òun ń bù fún òkú.

Zacharie, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kà á, ó mirí. "Fi èyí sílẹ̀ ná. Ìwé kò ní í sá."

"Ta ni yóò kà á? Ọ̀rẹ́ mélòó kan ní Àjàṣẹ́ ni."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé tuntun rẹ̀, ó sì pín in. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà ń gbé agboolé kan náà pẹ̀lú Pélagie. Nígbà tí Pélagie rí orúkọ àna wọn lára ìwé, inú rẹ̀ dùn, ó pe àwọn obìnrin ilé.

"Ẹ wá gbọ́ o! Ọkọ àbúrò mi ló kọ ọ́!"

Ó ka ìtàn kan níbẹ̀ fún wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ojú ìwé mìíràn. Ẹ̀rín wọn kò tíì tán tí ojú rẹ̀ fi bọ́ sórí orúkọ bàbá rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ náà, "tó re ọ̀run." Ìrọbí mú un lọ́jọ́ náà, láìtọ́jọ́. Wọ́n rí ìyá gbà là. Ọmọ kò yè.

Lẹ́yìn náà ni Ògúnjọbí kó ẹrù ìdána padà wá sí ẹnu ọ̀nà Rogatien. Ẹ̀bùnọlá tẹ̀ lé e. Rogatien dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún.

"Ẹ̀bùnọlá, dárí jì mí. N kò kọ ọ́ láti pa ẹnikẹ́ni lára."

"Mo mọ̀," ni Ẹ̀bùnọlá wí. "Mo kà á, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá di aya rẹ, níbo ni n ó ti máa sunkún tí o kò ní kọ ọ́?"

Ó yí padà, ó sì tẹ̀ lé Ògúnjọbí lọ. Nígbà tó yá, Ẹ̀bùnọlá lọ sílé ọkọ mìíràn. Ní Massè, bí Rogatien bá yọ, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n á sì dákẹ́ títí yóò fi kọjá. Ó darúgbó láìní aya.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀bùn ọ̀rọ̀, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ni í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọwọ́ tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó gbé kálámù sílẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ dára kò sọ pé àsìkò rẹ̀ ti tó. Ìbànújẹ́ ọmọnìkejì ní olówó tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dé ọwọ́ ẹni tó ni ín kí ẹ tó fi ṣe ewì.