Ìpàdé Orí Igi Àràbà

Àlọ́ mi kò lọ jìnnà. Òkété ni wọ́n rẹ́ jẹ, lọ́dún tí gbogbo odò inú igbó gbẹ.

Òkété, Lékeléke àti Ọ̀bọ kó ẹgbẹ́ wọn pọ̀ láti wá omi. Wọ́n fẹnu kò pé ohun tí ẹnì kan bá mọ̀, gbogbo wọn ni yóò mọ̀ ọ́n. Òkété ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀: "Ẹ wá ọ̀gán, ilé ikán, tí ìdí rẹ̀ tutù nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí. Omi wà lábẹ́ rẹ̀."

Lékeléke fò káàkiri títí ó fi rí ọ̀kan. Ọ̀bọ ní kó má tíì sọ ibẹ̀. Orí igi àràbà ni àwọn yóò ti ṣèpàdé lé e lórí.

Òkété ní, "Ọ̀gá Ọ̀bọ, ẹ mọ̀ pé n kò lè gun igi."

"Ìyá Òkété, ta ló lé yín? Gbogbo ẹgbẹ́ la pè. Ẹ ṣáà máa gòkè bọ̀!"

Lékeléke rẹ́rìn-ín. "Ìrù yín gùn tó okùn, Ìyá. Ẹ fi kọ́ ẹ̀ka!"

Nígbà tí ìpàdé parí, Lékeléke fò síwájú, àwọn ọ̀bọ ń fo láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka tẹ̀ lé e. Wọn kò fi ipasẹ̀ kankan sílẹ̀ tí Òkété lè tọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dákú nínú ihò. Ó gbójú sókè, ó kọrin:

*Ẹ gba ìmọ̀ mi lọ, níbo lomi wà?*
*Ọmọ mi ń kú lọ, níbo lomi wà?*

Kò sẹ́ni tó gbè é.